Nígbà tí Ṣaworo Dákẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú ilé mi ṣe rí kò nílò láti wọ ọkọ̀ wá sí Etikan. Kó tan tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni. Bí mo bá bínú sí ọkọ mi lọ́jọ́ Ajé nítorí pé kò tún pákó tó jẹrà lẹ́nu ọ̀nà ṣe, tó bá di ọjọ́ Àìkú, gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó á ti máa fi ìbínú mi rẹ́rìn-ín. Godwin lorúkọ ọkọ mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Alákàn ni wọ́n ń pè é. Á ró ìró mi, á wé gèlè mi, á gbé ohùn mi sẹ́nu, á máa bá àwọn aládùúgbò jà láti orí afárá pákó. Bí eré bá fẹ́ parí, á já sómi gbàmù. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti ń já sómi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì tíì sú wọn.

Èmi ni Moríkẹ́. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn eré náà níbẹ̀rẹ̀, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ni mo rí i pé mi ò lè sọ̀rọ̀ nínú ilé ara mi mọ́ kí ọkọ mi má wá bírò. Ilé wa sì rèé, orí òpó ló wà, omi ló yí i ká. Ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ lè fi ìbínú jáde, kó máa rìn kiri títí inú rẹ̀ á fi rọ̀. Bí èmi bá fi ìbínú jáde, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni mo ní kí n tó kan omi, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí a ní sì rèé, àwọn òṣèré ló ń lò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà mo kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni Godwin kò fi ṣeré, nítorí ohun náà ni mo sì ṣe ń fara mọ́ ọn.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, a ní ọmọkùnrin kan, Olúwafẹ́rànmí. Ó jẹ́ ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nígbà náà. Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ bá ti ń rìn, a máa ń so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí ó lè máa dún bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀. Ìyá kò lè jókòó ti ọmọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹja wà lórí iná, àwọ̀n tó ya wà nílẹ̀. Etí la fi ń ṣọ́ ọmọ. Bí ṣaworo bá ń dún, ọmọ wà lórí pákó. Bó bá dákẹ́, kí o sáré.

Lọ́jọ́ náà, lọ́sàn-án gangan, mò ń yan ẹja nílé ìdáná. Godwin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń dán àwàdà tuntun kan wò, àwàdà pásítọ̀ kan tó wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá. Bí ìgbì bá mi ọkọ̀, pásítọ̀ á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan: “Olúwa, èmi ni mo jí ewúrẹ́ opó yẹn.” Bí ọkọ̀ bá dúró, á yíjú sáwọn èrò: “Ta ló ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ níbí?” Godwin á mì, á dúró, á tún mì, á tún dúró. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀, tí omi ń bọ́ lójú mi. Ìgbà tí ẹ̀rín náà tán la tó mọ̀ pé nǹkan kan kò dún mọ́.

Godwin ló bẹ́ sómi. Lábẹ́ ilé, lẹ́bàá òpó kejì, ló ti rí i.

Nígbà tí àwọn èèyàn ti odò ẹja dé, tí ìyá ọkọ mi sì fi ẹkún wọlé láti Molutehin, wọ́n bi Godwin pé níbo ló wà. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnlẹ̀ láti Igbókòdá ni, pé orí ẹní lòun bá mi, mo sùn lọ. Mo gbọ́. Mi ò lẹ́nu láti fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ìbẹ̀rù ló mú un, pé tó bá di ọ̀la á tún un sọ. Ọ̀la náà kò dé. Láti ìgbà náà, èmi ni ìyá tó sùn. Bí mo bá jókòó ti obìnrin tó gbé ọmọ dání, á rọra gbé ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á sì máa bá mi sọ̀rọ̀ nìṣó bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ tèmi ṣì ń wá ọkọ̀ tó máa wọ̀.

Èmi àti Godwin kò tún pe ara wa ní Bàbá Fẹ́rànmí àti Ìyá Fẹ́rànmí mọ́. Kò sì tún ṣe àwàdà pásítọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni. Mo fi ìyẹn dá ara mi lójú pé ó mọ ohun tó ṣe.

Àfìgbà tí Ọlábọ̀dé dé láti Àkúrẹ́. Olùdarí eré ni. Ó ní ilé tẹlifíṣọ̀n fẹ́ gbé eré oníṣẹ̀ẹ̀lẹ̀ gidi jáde, tí wọ́n á pè ní Ẹ̀yìn Ẹ̀rín, nípa bí ayé ṣe rí fún àwọn tó ń ṣe Ìyá Alákàn nígbà tí kámẹ́rà bá ti kúrò. Godwin á ṣe Godwin, Moríkẹ́ á ṣe Moríkẹ́. Godwin gbé ìwé wá fún mi, ó ní kí n fọwọ́ sí i, pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín náà ni. Mo fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà ìjọ dúpẹ́ pé orúkọ ìlú wa fẹ́ jáde, wọ́n gbàdúrà lé wa lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Promise, ọmọbìnrin tó ń gba ohùn sílẹ̀ fún wọn, mú ìwé eré tí a máa ṣe lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e wá fún mi. Ìwé ọwọ́ Godwin ni. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: Moríkẹ́ sùn sórí ẹní. Ṣaworo ń dún. Ṣaworo dákẹ́. Moríkẹ́ kò jí. Godwin gúnlẹ̀ láti Igbókòdá. Lẹ́yìn náà ni kí èmi wá dìde, kí n dojú kọ kámẹ́rà, kí n sọ pé, “Oorun mi ló pa ọmọ mi.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mú un lọ bá Godwin níbi tó ti ń ká gèlè. Kò wo ojú mi. Ó ní Ọlábọ̀dé ló sọ pé eré tí kò bá ní ẹkún nínú kò lè pẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, àti pé kí ló tún kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní mi ò ní ṣe é. Ó ní mo ti fọwọ́ sí ìwé, pé bí mi ò bá ṣe é, wọ́n á mú òṣèré wá láti Àkúrẹ́ tí á ṣe Moríkẹ́. Bí èmi kò bá sùn, ẹlòmíràn á sùn lórúkọ mi, gbogbo ayé á sì rí i.

Mo jáde. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ kò sí nílé. Mo dúró níbẹ̀, mo wo omi títí, mo sì padà wọlé lọ se oúnjẹ fáwọn òṣèré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ àwọn aládùúgbò ti yí ilé wa ká, wọ́n wá wòran. Ìyá Ọlọ́lá, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló yá wọn lọ́mọ, ọmọbìnrin kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Kó tó gbà, mo gbọ́ tó ń bẹ Ọlábọ̀dé pé kí wọ́n má fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní èmi nìkan. Wọ́n ṣètò pé ẹ̀yìn ògiri ni ìyá rẹ̀ máa fara pamọ́ sí, bí wọ́n bá juwọ́ sí i, á gbé ọmọ nílẹ̀, ṣaworo á dákẹ́. Promise ti so máìkì kan mọ́ abẹ́ pákó, kí ó lè gba ìró omi. Godwin wọ aṣọ Ìyá Alákàn, torí pé apá ẹ̀rín ni wọ́n máa ṣe tẹ̀ lé e, ibi tó ti gúnlẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sínú àpótí mi, tó mú ṣaworo Fẹ́rànmí jáde, tó sì so ó mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. 

Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Mo di ojú mi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ṣaworo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mi ò tíì gbọ́ ọ nínú ilé yẹn láti ọdún mẹ́ta. Ó gba ẹ̀gbẹ́ orí mi kọjá, woro, woro, ó dúró díẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ó kọjá sí ẹnu ọ̀nà.  Mo di etí ẹní mú kí n má baà dìde. Ṣaworo dákẹ́.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń sáré. Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo lajú, Godwin ti ti kámẹ́rà ṣubú, ìró ti ń tú lára rẹ̀, ó gba orí afárá lọ, ó sì bẹ́ sómi.

Ẹ̀rín bú jáde nínú gbogbo ọkọ̀. Ṣé Ìyá Alákàn tún ti já sómi ni. Wọ́n ń fi àjẹ̀ lu ọkọ̀, àwọn kan ń kọrin. Èmi tí mo dùbúlẹ̀ ń wò láti àlàfo pákó, mo rí gèlè mi tó ń léfòó. Mo rí Godwin lábẹ́ ilé. Ó rì, ó jáde, ó tún rì, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá nǹkan lẹ́bàá òpó kejì. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ojú mi láàárín pákó.

“Mo wà nulé, Iye Fẹ́rànmí,” ó sọ. “Mo wà nulé, ọma mi kú.”

Ariwo àwọn òǹwòran bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Promise ṣí ìgbọ́hùn kúrò létí, ó sì ń wò mí.

Wọ́n fà á jáde. Ọlábọ̀dé kọ́kọ́ bínú nítorí kámẹ́rà, lẹ́yìn náà ló bi í pé kí ló ń sọ lábẹ́ ilé. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Godwin nu ojú, ó wo àwọn èèyàn, ó wo Ọlábọ̀dé, ó wò mí.

“Mi ò sọ nǹkan kan,” ó ní. “Omi ló tutù.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ọlábọ̀dé ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà dúró, kí èmi padà sórí ẹní, ká tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kórìíra ọkọ mi ní ìṣẹ́jú yẹn ju bí mo ti kórìíra omi tó gba ọmọ mi lọ.

Mi ò padà sórí ẹní. Mo rìn lọ bá a, mo bá a gbá ìró mi tó ti rẹ mọ́ ìdí, mo sì rọra bi í pé, “Ọkọ̀ ti dúró, àbí, Bàbá Fẹ́rànmí?”

  Ó jókòó sórí pákó, ó na ọwọ́ sí Ọlábọ̀dé pé kó fún òun ní ìwé eré àti bírò. Ó fa ìlà sórí ibi tó ti kọ ọ́ pé mo sùn. Ó fẹ́ kọ nǹkan míì rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ara rẹ̀ ń kán sórí ìwé, ọ̀rọ̀ náà ò dúró. Ó sọ bírò sílẹ̀.

“Àwàdà pásítọ̀ yẹn,” ó ní, ó sì sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, “báwo ni mo ṣe parí rẹ̀ fún ọ lọ́jọ́ yẹn?”

“Ẹ ò parí rẹ̀,” mo dá a lóhùn. “Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí ẹ tó dé ìparí.”

Àjẹ̀ dákẹ́ nínú gbogbo ọkọ̀. Godwin dìde nínú ìró mi tó ti rẹ, ó kọjú sí àwọn aládùúgbò wa, ó sì sọ fún wọn bó ṣe ṣẹlẹ̀: pé òun wà nílé, pé mi ò sùn, pé ẹ̀rín òun ni kò jẹ́ ká gbọ́ ọmọ wa. Ó sọ àwàdà pásítọ̀ náà fún wọn pẹ̀lú, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ọlọ́lá jáde láti ẹ̀yìn ògiri, ọmọ rẹ̀ wà lápá rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ gbé e lọ sílé. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ wo ẹja tó fi sórí iná.