Irùngbọ̀n àti Afẹ́fẹ́

Tẹ́lẹ̀, tí ọkọ mi bá ń hanrun, n kì í ráhùn. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àga nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Ìgbà tí ariwo náà bá dá wáí ni inú mi máa ń dùn jù. Màá ní, "Oorun ti wọ̀ ọ́ lára wàyí." N kò mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an ni èémí rẹ̀ máa ń dúró.

Òun ló ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bíríkì lọ síbi iṣẹ́. Onírùngbọ̀n ni gbogbo wọn ń pè é, torí irùngbọ̀n rẹ̀ kún dé àyà. Lọ́jọ́ kan, ó sùn lọ nídìí ọkọ̀ níbi tó ti ń dúró de iná ojú títì. Mẹkáníìkì wọn tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ gbá a léjìká, ó sì lọ sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní òun kò ní í dá a padà àfi tí dókítà bá sọ pé ara rẹ̀ ti yá.

"Ọ̀rẹ́ mi ló tà mí," ni ọkọ mi ń sọ káàkiri ilé. Kò kí mẹkáníìkì mọ́.

Nílé ìwòsàn, wọ́n so wáyà mọ́ ọn lára, wọ́n ní kó sùn. Dókítà ṣàlàyé pé tó bá ti sùn, ẹran ọ̀fun rẹ̀ máa ń dẹ̀, á wá dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Èémí á dúró, ara á ta gìrì, á tún mí, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Abájọ tó fi ń tòògbé lójú ọ̀sán.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kékeré kan. Fáànù ni mo ń tún ṣe, nítorí náà mo tètè lóye rẹ̀. Fáànù kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rọ́bà gígùn lọ sínú ìbòjú tó bo imú àti ẹnu. Tí láílọ́ọ̀nù bá lẹ̀ mọ́ra, ṣebí èèyàn á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè là? Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe fún ọ̀fun nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi gan-an.

Àmọ́ ìbòjú ń jò. Afẹ́fẹ́ ń gba inú irùngbọ̀n jáde, fíì, fíì. A fa okùn rẹ̀ le, ojú ọkọ mi wú. A dẹ̀ ẹ́, ó tún jò. Èyí tó kéré tó ń wọ ihò imú nìkan kò bá a mu, ẹnu ló fi ń mí. Nọ́ọ̀sì, obìnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, ní:

"Bàbá, irùn yìí ni. Ẹ bá wa gé e."

"Ẹ kúkú ní kí n gé orí!"

"Orí la fẹ́ kó wà níbẹ̀, sà."

Ó kọ̀. Bí ìbòjú bá sì ń jò, dókítà kò lè sọ pé ara rẹ̀ yá.

Nígbà tó yá, ó wá jókòó tì mí níbi iṣẹ́, ó fajú ro. "Ẹ̀rọ yẹn kò dáa."

"Bàbá ọmọ mi, tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ táyà, tí ẹnu rọ́bà pọ́ńpù kò jókòó dáadáa lórí fáàfù, ṣé pọ́ńpù lẹ máa bú?"

"Rárá o. Màá nu ẹnu fáàfù kí…" Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí, o ti mú mi."

"N ò mú yín. Ẹ̀yin lẹ rìn wọlé."

"Lọ gbé abẹ wá."

Èmi ni mo fá a. Àgbọ̀n ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló jáde lábẹ́ rẹ̀, a rẹ́rìn-ín títí abẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà yẹn, ìbòjú kò jò mọ́. Ó ń jí, ara rẹ̀ ń fúyẹ́, ó ń kọrin nínú balùwẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ̀wé sí ọ̀gá.

Mo bá a lọ gba kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gá ní ó wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Abẹ́ bọ́ọ̀sì la ti bá a, ó yọ orí síta wò wá.

"Ta lẹ̀ ń wá, bàbá?"

"Ọ̀dàlẹ̀ tó gba ẹ̀mí mi là."

Mẹkáníìkì rá jáde. "Ohùn yìí! Onírùngbọ̀n? Irùngbọ̀n dà?"

"Mo fi ṣe pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́."

Ọkọ mi dì mọ́ ọn tòun ti òróró ara aṣọ rẹ̀. "O ṣé," ló ń sọ. "Ká ní o dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn…" Mẹkáníìkì nu kọ́kọ́rọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Alágbọ̀n, wá wa ọkọ̀ ẹ."

Láràárọ̀, tó bá ti jáde, mo máa ń fi omi ọṣẹ fọ ìbòjú náà, mo sì máa ń nu eruku ara ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, màá gbá a lórí pẹ́pẹ́. Màá ní, "O kú iṣẹ́ àná."