Ẹ̀rọ Ìpẹja Dhiren

Inú Kuben dùn nígbà tí Selvi wọ ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe rẹ̀ ní Durban, ìlú etí òkun, títí ó fi rí i pé ẹ̀rọ ìká-okùn ìpẹja Dhiren ló gbé wá fún àtúnṣe. Òun àti Dhiren ni wọ́n jọ ń lé ọmọge yìí. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó rí i pé wíìlì eléyín inú rẹ̀ ti kán.

"Wọn ò ṣe irú ẹ̀ jáde mọ́. Kó lọ ra tuntun."

Selvi rẹ́rìn-ín. "Dhiren ti sọ pé wàá kọ̀. Ó ní òun á fi mọ́tò gbé mi, ká jọ wá wíìlì ọ̀hún kiri etí òkun lọ́la."

Kuben sáré fa àga kan fún un. "Ta ló kọ̀? Jókòó jàre."

Ó tú ẹ̀rọ ìpẹja tirẹ̀, ó yọ wíìlì rẹ̀, ó sì fi í sínú ti Dhiren.

Lọ́jọ́ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin tó ní kí wọ́n má pa ẹja òkun tí wọ́n ń pè ní ṣáàdì, gbogbo ọkùnrin ló tò sórí afárá tó wọ inú òkun. Kuben nìkan ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Selvi, ó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n rọ ọbẹ̀ kọ́rì sínú rẹ̀, ó sì ń fi ojú burúkú wo Dhiren.

"Ẹ̀rọ tìẹ dà?" Selvi bi í.

"Wíìlì ẹ̀ ló ń yí lọ́wọ́ Dhiren yẹn."

Selvi na ọwọ́, ó ya díẹ̀ jẹ nínú búrẹ́dì rẹ̀. Dhiren fa ẹja ńlá kan sókè, ó ń pe Selvi pé kó wá wò ó. Selvi ò dìde.