Ta Ló Ń Ki Àbẹ̀kẹ́ Láàárọ̀?

Ọdún tí wọ́n sọ Abẹ́òkúta di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba di ẹrù n'Ìbàdàn bí ẹni tí iná lé jáde nílé. Mọ́níkẹ́ wà lára wọn. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ni wọ́n ń rán lọ sí àwọn abúlé Ẹ̀gbá láti fi irúgbìn àgbàdo tuntun han àwọn àgbẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Ọláògún, wà ní Kàdúná nídìí iṣẹ́ rélùwéè, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó wálé. Mọ́níkẹ́ nìkan ló wá kù tí yóò pinnu ibi tí òun àti Títílọlá yóò máa gbé, àti ilé-ìwé tí ọmọ náà yóò lọ. Ọmọ ọdún méje ni Títílọlá, òun nìkan ló sì dúró nínú gbogbo ọmọ tí Mọ́níkẹ́ bí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Harriet, tí wọ́n jọ wà ní ọ́fíìsì kan náà, ní kí ó wá sí Adigbe, pé ilé tuntun pọ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́. Mọ́níkẹ́ ní ilé-ìwé gidi kò sí nítòsí ibẹ̀, òun kò lè jẹ́ kí ọmọ òun máa la igbó kọjá. Ìbarà ńkọ́? Àwọn ọ̀gá ti gba gbogbo ilé Ìbarà tán. Ilé-ìwé tó wà níbẹ̀ pàápàá, láti ìgbà tí ìjọba ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ ń jókòó lé orí fèrèsé. Ní ti Mọ́níkẹ́, ilé-ìwé ni kí èèyàn kọ́kọ́ wá, kí ó tó wá ilé. Ó rí ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ Ṣàpọ́n tí kíláàsì rẹ̀ kò kún jù, tí ìyáàfin ọ̀gá ibẹ̀ kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ó wá ń wá ilé tí èèyàn lè dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ó rí òrùlé ilé-ìwé náà. Báyìí ló ṣe dé ilé Alhaja Sìlífátù.

Ilé àtijọ́ ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì ṣú díẹ̀. Ìkòkò aró tí àwọn ìyá àtijọ́ fi ń rẹ àdìrẹ wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti dojú gbogbo wọn délẹ̀, nítorí Alhaja kì í rẹ aṣọ mọ́, títà ló ń tà. Òórùn aró ṣì wà lára ògiri ṣá. Alhaja béèrè orúkọ ọmọ, ó tún béèrè oríkì rẹ̀. Mọ́níkẹ́ ní Àbẹ̀kẹ́ ni. Obìnrin àgbà náà sọ pé Àbẹ̀kẹ́ kan ti wà nínú ilé yìí rí. Ó bá lọ ṣí yàrá inú, èyí tí kì í ṣí fún ayálégbé kankan.

Yàrá náà tutù rinrin. Ní igun kan, ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju ti yòókù lọ, ó gùn ní ìwọ̀n èèyàn, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dán an. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí agboolé, ẹ ti mọ ohun tó jẹ́. Mọ́níkẹ́ kò mọ̀. Ilé tí bàbá rẹ̀ tí í ṣe tíṣà ń háyà kiri ló gbé dàgbà, kò sì bá wọn sin òkú sí ilé rí. Ó ní ibẹ̀ dára fún ọmọ nítorí ooru, ó bá tẹ́ ẹní Títílọlá sórí rẹ̀. Alhaja wò ó, kò sì la ẹnu. Inú ń bí mi sí Alhaja títí di òní.

Mọ́tò iléeṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ó ń gbé wọn ní Ṣàpọ́n, torí pé bí oòrùn bá ti yọ, àgbẹ̀ ti lọ sóko, ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀? Mọ́níkẹ́ á fi ọmọ sílẹ̀ lórí ẹní, á lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ibi tó ti ń wẹ̀ ló ti máa ń gbọ́ ohùn àgbàlagbà obìnrin láti yàrá inú, tó ń ki ọmọ náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́:

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ aláró, ọmọ ọwọ́ dúdú tí kì í jẹ́ kí ilé ṣófo. Àbẹ̀kẹ́ jókòó tì mí. Ọmọ aláró kì í rìn lọ kó má padà, aró kì í fi aṣọ sílẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé láàárín wa, ọmọ tó bá jí tí kò rí ẹni tí yóò fi oríkì kì í, ojú á máa ro ó. Mọ́níkẹ́ fúnra rẹ̀ kò ráyè. Ó mọ̀ pé ìdílé ọmọ òun kọ́ ni ìdílé aláró, ṣùgbọ́n ó ní àgbà ló ń ṣe oore, kò mọ ti ẹlòmíì, ó wá fi tirẹ̀ kì í. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja, ó ní, "Ẹ ṣeun bí ẹ ṣe ń bá mi ṣe ìtọ́jú ọmọ láàárọ̀." Ẹ̀kọ àti àkàrà tí Alhaja máa ń fún Títílọlá kó tó lọ sí ilé-ìwé ni Alhaja rò pé ó ń sọ. Ó ní kò tó ọpẹ́. Báyìí ni àwọn méjèèjì fi ẹ̀rín túká, ohùn yẹn sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìfẹ́ tí Títílọlá ní sí ilé-ìwé pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó máa ń sáré lọ ni. Díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, dúdú tó fẹ́ jọ ti aró. Mọ́níkẹ́ bá a wí pé kí ó yé fi ọwọ́ sínú ìkòkò àwọn àgbà, ó sì fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn bó o. Kò lọ. Alhaja kàn sọ pé aró kankan kò sí nínú ìkòkò òun, pé omi òjò pàápàá kò lè dúró nínú ohun tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni tíṣà ọmọ náà, Mìsísì Beatrice, ránṣẹ́ pè é. Ó ní Títílọlá kì í wọ kíláàsì mọ́. Ó máa ń dé ẹnu géètì, á dúró, á dẹ etí bí ẹni tí wọ́n ń pè, á sì yí padà. Mọ́níkẹ́ fi ìbínú dé ilé lọ́sàn-án gangan. Ó bá ọmọ náà lórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kò sùn.

Ó bi í pé kí ló dé tí kò lọ sí ilé-ìwé.

"Ìyá àgbà ní kí n má lọ," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n ní ẹni tó bá lọ sílé ìwé kì í padà."

Orí Mọ́níkẹ́ gbóná. Òun tó jẹ́ pé nítorí ilé-ìwé ló ṣe wá gba ilé yìí, Alhaja tún wá ń kọ́ ọmọ òun pé kí ó má lọ. Ó bá a ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ níwájú ilé, kò tilẹ̀ rántí kí i. Ó bi í pé kí lòun ṣe fún un, tó fi jẹ́ pé àárọ̀ ni yóò fi oríkì ki ọmọ òun, ọ̀sán ni yóò máa ba ọmọ náà lórí jẹ́.

Alhaja wò ó títí. "Èmi kọ́," ni ó wí. "Mọ́sálásí ni mo máa ń wà nígbà tí ẹ bá ń jí. Bí a bá ti kí ìrun àsùbáà tán, wáàsí ló kù. Kí n tó dé, o ti lọ. Èmi ò ki ọmọ rẹ rí."

Mọ́níkẹ́ ní ta ló wá ni ohùn tí òun ń gbọ́ láàárọ̀. Alhaja ní kí ó sọ ohun tí ó ń gbọ́. Mọ́níkẹ́ la ẹnu, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti mọ́ ọn lẹ́nu ju bó ṣe rò lọ. Alhaja jókòó lé orí òkìtì aṣọ tó ń tà.

"Ìyá mi nìyẹn," ni ó wí. "Ohùn rẹ̀ lò ń gbọ́."

Ó wá ròyìn. Àbúrò rẹ̀ kan wà, Bùsírátù, Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀. Bàbá wọn ní kí ó lọ kàwé l'Ékòó lọ́dọ̀ ìbátan. Ìyá wọn ní rárá, wọn kò dá a lóhùn. Bùsírátù lọ, kò padà, òkú rẹ̀ pàápàá kò padà. Láti ìgbà náà, gbogbo àárọ̀ ni ìyá náà ń jókòó síwájú ẹní òfìfo, tó ń kì í, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹní náà sí gan-an ni wọ́n sin ìyá náà sí.

"Orí rẹ̀ ni ọmọ rẹ ń sùn," ni Alhaja wí, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn kẹ́yìn nínú ilé yìí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n dákẹ́. Mo ṣẹ̀ ọ́, ìyá Títí. Gbé ọmọ rẹ lọ lónìí. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń mọ́ lọ́la, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kì í. Kí o kì í dé orí oríkì ìdílé bàbá rẹ̀. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀, má dá a dúró lágbedeméjì, nítorí ẹni tó bá parí rẹ̀ ló ni ọmọ."

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí Harriet fi bá wọn kó ẹrù lọ sí Adigbe, sí ọ̀kan nínú àwọn ilé tuntun ibẹ̀. Títílọlá kò sunkún. Ó kàn kúnlẹ̀ ní ẹnu yàrá inú, kó tó gba ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ilé Adigbe náà, sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni, ẹ̀dá kan kò sùn níbẹ̀ rí, kí á má tíì sọ pé ó kú síbẹ̀. Mọ́níkẹ́ fi ọwọ́ tọ́ ilẹ̀ wò láti igun dé igun. Ó tẹ́jú. Ó mí kanlẹ̀.

Ìgbà tó dùbúlẹ̀ ló tó rántí pé òun kò mọ oríkì ìdílé Ọláògún. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ti ki ọmọ yìí, ó kì í títí ojú gbogbo ilé fi kún fún omi. Ìdánwò tí Mọ́níkẹ́ fẹ́ ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì ló wà lọ́kàn tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò fi etí sí i. Ìyá ọkọ náà ti kú. Kàdúná jìnnà, kí ó tó tẹ wáyà, kí èsì tó dé, ilẹ̀ yóò ti mọ́, ta ni yóò sì tẹ wáyà béèrè oríkì? Ó ń fi ọ̀rọ̀ ro ọ̀rọ̀ títí àkùkọ fi kọ.

Kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Àbẹ̀kẹ́," ni ó wí, "Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ mi, ìkẹ́ mi."

Ojú ọmọ náà là. Mọ́níkẹ́ fi ìwọ̀nba tó mọ̀ nínú oríkì ìyá tirẹ̀ kún un, ó tán kíá. Títílọlá ń wò ó, ó ń retí ìyókù. Mọ́níkẹ́ wá a nínú orí rẹ̀, ó wá a, kò rí nǹkan kan. Ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dúró lágbedeméjì. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tó mọ́ ọn lẹ́nu. Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là.

"Ọmọ aláró," ni ó gbọ́ tí ohùn ara rẹ̀ ń wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ọmọ ọwọ́ dúdú tí kì í jẹ́ kí ilé ṣófo. Àbẹ̀kẹ́ jókòó tì mí. Ọmọ aláró kì í rìn lọ kó má padà, aró kì í fi aṣọ sílẹ̀."

Ó ti parí rẹ̀ kó tó mọ̀.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó dìde lórí ẹní, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ dúdú rẹ̀ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mọ́níkẹ́ mú.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá mi," ni Bùsírátù wí. "Ẹ má sunkún mọ́. Mo ti dé, mi ò lọ sílé ìwé mọ́."