Ilé Òkúta Tí Wọn Ò Rẹ́

Láàárín èrò tó kún ilé oko àtijọ́ nítòsí Greenbelt nílùú òyìnbó, ojú èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń mú wa yíká ṣe mẹ́rin. Orúkọ tó wà láyà rẹ̀ ni Dàpọ̀. Ọkàn mi yọ́. Kíá ni mo kọ lẹ́tà ìfẹ́ sẹ́yìn ìwé tí wọ́n pín.

Mo fẹ́ fún un báyìí ni Mọ́mì lu ògiri. "Dàpọ̀, ṣé owó ló tán tí wọn ò fi rẹ́lé yìí?"

"Rárá, mà. Òkúta gíráníìtì ni; wọ́n fẹ́ kó hàn. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún."

"Àádọ́jọ ọdún láìrẹ́lé! Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi rẹ́ tiẹ̀ n'Íbàdàn."

Ojú tì mí. Mo fi lẹ́tà pamọ́ sẹ́yìn. Dàpọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́mì lójú àwọn òyìnbó tó wá wolé. "Ẹ má bínú, mà."

Inú Mọ́mì dùn. Ó já lẹ́tà gbà lọ́wọ́ mi, ó nà án sí Dàpọ̀. "Gbà, jàre. Ìwọ lọmọ mi kọ ọ́ sí; mo ti rí i."