Ìlà Tí A Fà Nígbà Ẹ̀rùn

Igi mẹ́tàlá ni wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Ìsmáílà dúró lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà. Ìrókò méjì, arère mẹ́rin, àwọn yòókù jẹ́ àfàrà àti ayinrẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni. Tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta bá ti mọ́, àwọn agẹgi yóò gbé ẹ̀rọ wọn dé láti Ìkọ̀lé, kí a sì tó kírun ọ̀sán, gbogbo igi náà yóò ti wà nílẹ̀.

Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Bíríkìlà ni. Òun ló fa ìlà mọ́ṣáláṣí Òmù-Èkìtì yìí lọ́dún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì le tí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Ní báyìí, ilé náà ti kéré fún ìjọ, wọ́n sì fẹ́ wó o, kí wọ́n kọ́ èyí tó tóbi sójú ìlà kan náà. Kò sẹ́ni tó pè é sí iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí Kàdíját ìyàwó rẹ̀ ti kú nínú òjò tó kọjá, àwọn ènìyàn kì í pè é sí nǹkan kan mọ́. Wọn yóò kàn kí i pé ẹ kú ara fẹ́ra kù, wọn yóò sì rọra kọjá, bí ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá aláìsàn. Kò dùn ún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù fún kí nǹkan bẹ́ẹ̀ dùn ún.

Igbó tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí náà kò tóbi mọ́. Oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ ti jẹ ẹ́ láti ọ̀tún, ilé tuntun ti jẹ ẹ́ láti òsì. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ló bo ìsun omi kan tí kì í gbẹ. Bí kànga gbogbo àdúgbò bá gbẹ nígbà ẹ̀rùn, inú igbó yẹn ni wọ́n ti ń pọnmi, ibẹ̀ náà ni omi àlùwàlá ti ń wá.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

Fẹ́yìsayọ̀ ni, ọmọbìnrin tó ya àwòrán mọ́ṣáláṣí tuntun náà. Yunifásítì Ọ̀yẹ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, kò sì fi pa mọ́ fún wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

"Káàárọ̀," ni Ìsmáílà wí. "Wọ́n ò kọ́ ọmọ níwèé lónìí ni?"

"Wọ́n ń kọ́ ọ, sà. Ọ̀rọ̀ igi wọ̀nyí ni ò jẹ́ kí n sùn."

Ó tẹ́ ìwé àwòrán rẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù méjì. Ìsmáílà kò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n ojú bíríkìlà kì í lè yẹra fún àwòrán ilé. Iṣẹ́ gidi ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ fífẹ̀ yí ilé náà ká, níbi tí àwọn ọmọ ilé-kéwú yóò ti máa kàwé láàárọ̀, tí àwọn obìnrin yóò sì ti máa sá èlùbọ́ tí òjò bá ṣú. Òrùlé rẹ̀ da omi òjò sí táńkì méjì. Fèrèsé rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó fẹ̀, ó kọjú sígbó, kí atẹ́gùn tútù lè máa wọlé láìsí ẹ̀rọ.

"Igbó ni mo gbára lé, Bàbá," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. "Bí wọ́n bá gé e, kí ni fèrèsé mi á máa wò? Ìdí àwọn igi wọ̀nyí gan-an sì ni ìsun yẹn ti ń jáde. Kò ní pé ọdún márùn-ún tá á fi gbẹ."

"Dín ilé náà kù."

"Wọn ò gbà. Wọ́n ní sààfù kan tí wọ́n bá tò láti kírun gbọ́dọ̀ gba ogójì ènìyàn. Ilé gígùn ni wọ́n ń fẹ́, orí rẹ̀ ló sì wọnú igbó yìí. Mo ní ṣé ìlà náà ò ṣeé ṣún ni. Alhaji Tàófíìkì, alága wọn, ní kí n ya ohun tó bá wù mí, kí n má ṣáà fọwọ́ kan ìlà Bàbá Bíríkìlà."

"Òótọ́ ló sọ. Ìlà mọ́ṣáláṣí kì í ṣe ìlà ìsọ̀. Gábàsì, apá Mẹ́kà, ló ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ la ń kọjú sí tí a bá ń kírun."

"Mo mọ̀, sà. Mo kàn ń wò ó ni." Ó fi ìka tẹ ìdí ilé náà mọ́lẹ̀, ó sì rọra yí orí rẹ̀ sápá òsì lórí ìwé. "Tó bá lè yà báyìí péré, orí rẹ̀ á bọ́ sí gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Igi kan ò ní wó."

Ìsmáílà wo ìka rẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó nà án sí i.

"Máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi," ló wí.

Nígbà tó délé, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Apá òsì tí ọmọ yẹn yí ilé náà sí, kò ṣàjèjì sí i.

Bí wọ́n ṣe ń fa ìlà mọ́ṣáláṣí nígbà náà kò le. Ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká kòkó tán tí ọwọ́ àwọn ènìyàn sì dilẹ̀. Bíríkìlà yóò dúró síbẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, yóò kan èèkàn kan mọ́lẹ̀, yóò dúró de ojú oòrùn, yóò sì na okùn sí ibi tó ti yọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ̀gá rẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ nínú òjò, nítorí náà kò sí bíríkìlà tó tún padà lọ wo oòrùn nígbà òjò.

Àmọ́ Kàdíját ń ṣe èlùbọ́. Tọdún-tọdún ló ń gbé ẹní kiri àgbàlá, tó ń lé oòrùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ó wọlé wá bá a, ó ń nu ọwọ́ mọ́ ìró.

"Bàbá Ràhmát, oòrùn tẹ́ ẹ fi fa ìlà yín yẹn, ó ti kó kúrò níbẹ̀ o."

"Kí lò ń wí?"

"Ẹ̀yìn ilé-ìwé ló ti ń yọ nígbà ẹ̀rùn. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ ìrókò lọ́hùn-ún ló wà. Ẹ jáde wá wò ó."

"Obìnrin yìí, gbájú mọ́ èlùbọ́ rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èlùbọ́ náà ni mo gbájú mọ́ tí mo fi rí i."

Kò jáde lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ló yọ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Oòrùn yọ, ó jìnnà sójú ìlà rẹ̀ gan-an. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ra kọ́mpáàsì kékeré kan tó ń tọ́ka sí gábàsì ní Ìkọ̀lé, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù àwọn tó ń lọ Mẹ́kà. Ó gbé e lé orí ògiri mọ́ṣáláṣí nígbà tí ẹnì kankan ò sí níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ yí, ó dúró. Apá òsì ni gábàsì wà, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ó sọ kọ́mpáàsì náà sísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, kò sì wí fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ rẹ̀ ti lọ dé Àsin àti Ìlúpéjú nígbà náà. Ta ni yóò jáde lọ sọ fún ìlú pé òun ló darí wọn sí ibi tí kò yẹ?

Kàdíját náà kò sọ ọ́ mọ́. Tó bá wà ní mọ́ṣáláṣí, ibi tí gbogbo ayé kọjú sí lòun náà ń kọjú sí. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ó máa ń yí ẹní ìkírun rẹ̀ díẹ̀ sápá òsì. Ojoojúmọ́ ni Ìsmáílà ń rí i. Ọdún méjìlélógún ló fi rí i. Wọ́n á jọ kírun nínú yàrá kan, òun á kọjú síhìn-ín, ìyàwó rẹ̀ á kọjú sọ́hùn-ún, wọ́n á sì sálámà, wọ́n á jọ jẹun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti kírun tán, ó dìde dúró. Ìmáámù Àlíyù rí i, ó gbé ọwọ́ sókè kí àwọn ènìyàn má tíì lọ.

"Ìlà mọ́ṣáláṣí yìí kò gún," ni Ìsmáílà wí. "Èmi ni mo fà á, mo sì fà á lódì. Gábàsì wà lápá òsì. Bí a bá tún un fà bó ṣe yẹ, ilé tuntun kò ní wọnú igbó. Ẹ sọ fún àwọn agẹgi kí wọ́n má wá."

Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Alhaji Tàófíìkì, alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, ló kọ́kọ́ dìde. Oníṣòwò kòkó ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń ga bíi pé ó ń bá àwọn tó ń ru àpò sọ̀rọ̀.

"Bàbá Bíríkìlà! Ọmọbìnrin Ọ̀yẹ́ yẹn ti wá bá yín, àbí? Wọ́n rí yín níbi búlọ́ọ̀kù o!"

"Ó wá."

"Ẹ gbọ́? Ó wá! Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ló fẹ́ kọ́ wa ní ibi tí gábàsì wà!" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin èèyàn, àárọ̀ òní gan-an ni mo dúró níta níbí. Ojú ìlà Bàbá gẹ́lẹ́ loòrùn ti yọ. Kò yẹ̀ rárá!"

"Àárọ̀ ẹ̀rùn ni tòní," ni Ìsmáílà wí. "Padà wá wò ó nínú oṣù kẹfà."

"Ṣé oòrùn ní ulé méjì ni?"

"Ó ní i!" Ohùn Nùsírátù ni, ìyálójà, láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi pààlà fún àwọn obìnrin. "Ẹni tó bá ń sá èlùbọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò bi wá rí ni."

Ẹ̀rín náà kò lọ sí ibi tí Tàófíìkì fẹ́ mọ́. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí sì burú ju igbe rẹ̀ lọ. "Ẹ má bínú sí Bàbá. Ọ̀fọ̀ ló ń dà wọ́n láàmú. Ẹnì kan ṣáà fà wọ́n jókòó."

Ìsmáílà kò jókòó. Ó yọ kọ́mpáàsì jáde nínú àpò agbádá rẹ̀, ó sì nà án sí Ìmáámù. Àlíyù wò ó, kò gbà á. Ọ̀dọ́ Ìmáámù ni, kò tíì pé ogójì ọdún. Ó tẹ orí ba, lẹ́yìn náà ó mú fóònù tirẹ̀ jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.

"Ohun kan náà ni tèmi ń sọ," ló wí. "Ó ti ń sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta. Mo ń wo ojú Bàbá ni mi ò fi lè sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí i pé mo máa ń fẹ̀gbẹ́ díẹ̀ nínú mìráàbù, níwájú yín níbí?"

"Ìmáámù! Ẹ̀yin náà!" ni Tàófíìkì wí. Ó wá jókòó fúnra rẹ̀.

Àgbàlagbà kan dìde lórí sààfù àkọ́kọ́. "Ìrun wa ńkọ́? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n!"

"Ẹni tí kò mọ̀, Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ̀," ni Ìmáámù wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, kò jẹ̀bi."

"Èmi mọ̀," ni Ìsmáílà wí.

Àgbàlagbà náà yíjú sí i.

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti mọ̀. Ìyàwó mi ló sọ fún mi. Mo ní kó dákẹ́, ó sì dákẹ́." Ó fẹ́ fi nǹkan mìíràn kún un, ṣùgbọ́n kò sí agbára kankan mọ́ nínú rẹ̀. Ó gbé kọ́mpáàsì náà sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì níwájú Ìmáámù, ó wá bàtà rẹ̀, ó sì jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìjọ gbà pé kí wọ́n tún ìlà náà fà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn agẹgi dé, torí kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí wọn lásìkò. Wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ wọn lábẹ́ ìrókò, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín, wọ́n wo Ìsmáílà bó ṣe ń fa àwọn èèkàn tí wọ́n ti kàn sójú ìlà àtijọ́ tu lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmáámù di orí okùn kan mú, Fẹ́yìsayọ̀ di èkejì mú. Wọ́n tún ìlà náà fà. Orí rẹ̀ bọ́ sí gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó fi igbó sílẹ̀ níwájú, níbi tí gbogbo sààfù yóò ti máa kọjú sí i. Fẹ́yìsayọ̀ wọn àyè tó wà láàárín ìlà náà àti igi àkọ́kọ́, ó ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ni.

"Ṣé ó tó?" ni Ìsmáílà bi í.

"Ó tó, Bàbá. Ẹ ṣeun, sà."

Ìsmáílà yíjú sí okùn rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí wọ́n fi yẹ kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tàófíìkì kọjá nínú mọ́tò, kò dúró kí i. Àwọn agẹgi di ẹ̀rọ wọn, wọ́n lọ.

Ó ń ká okùn nígbà tí ọlọ́kadà kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó tẹ̀ ba.

"Ẹ kú uṣẹ́, Bàbá. Adéníyì ni mí, láti Àsin. A gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí lánàá. Wọ́n ní kí n wá bi yín. Mọ́ṣáláṣí tiwa náà, ṣebí ẹ̀yin lẹ fa ìlà rẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀rùn ni tiwa, àbí òjò?"

Ẹ̀yìn ń dun Ìsmáílà. Ó ń wá omi mu, ó sì ń fẹ́ lọ sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé tóun bá dé orí ibùsùn, oorun kò ní kùn òun. Ó wo ojú Adéníyì. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ìbéèrè lásán ló wà níbẹ̀, ó sì ń dúró de èsì.

"Ẹ̀rùn ni," ló wí.

Adéníyì mí kanlẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá eruku kúrò lórí àga ẹ̀yìn ọ̀kadà. "Ó dáa. Ẹ gùn ún ká lọ, Bàbá. Wọ́n ti ń dúró."

Ìsmáílà fi okùn kọ́ èjìká. Ó di èjìká ọkùnrin náà mú, ó rọra gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, ó sì jókòó.

"Rọra wà á," ló wí.