Ìyá Alágbàfọ̀ Ilé Kóredé

"Mọ́mì, ṣé ẹ̀wù funfun mi ti gbẹ ni?"

Ìyá Kóredé kò gbórí sókè. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá kànga, bàsíà ìfọṣọ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣòkòtò jíìnsì ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́. Òwúrọ̀ Sátidé ni. Ọjọ́ yìí nìkan ló fi ń sinmi láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí ti Ọlọ́run ni ọjọ́ Àìkú. Ìsinmi náà sì ni ẹ ń wò yìí.

"Ó wà lórí okùn," ó dáhùn. "Ó kù díẹ̀ kó gbẹ."

"Ó kù díẹ̀ kẹ̀? Ṣebí mo ti sọ fún yín látàná pé mo ní ìpàdé ní Dópẹ̀mú. Àwọn èèyàn ńlá ló máa wà níbẹ̀ o, Mọ́mì. Ẹyin tí ẹ dín yìí náà, ẹ ò tiẹ̀ fi àlùbọ́sà sí i."

Kóredé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ró táwẹ̀lì mọ́dìí, ó ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ ẹnu, ikùn rẹ̀ sì ṣíwájú rẹ̀ jáde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ti fẹ́yàwó, ó ti bímọ, ó ti ra ilẹ̀ sí Akowonjo, ó sì ti ń ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ fún ilé tí ọmọ dúró sí lónìí tó ń pariwo àlùbọ́sà. Ṣùgbọ́n adìyẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Ìyá dìde, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó ká ẹ̀wù náà lórí okùn, ó sì lọ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ títí ó fi gbẹ.

Tí ẹ bá bi mí pé kí ni iṣẹ́ Kóredé, n ò lè sọ. Òun náà kò lè sọ. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé ìjọba fún alágbádá, ó ní kọ́ńtíráàtì ni òun ń dúró dè. Ilé alága wọ́ọ̀dù ló máa ń lọ jókòó sí, á bá wọn pàtẹ́wọ́, á bá wọn mu bíà, á sì padà wálé wá béèrè ẹran. Ilé iṣẹ́ pọ̀ lọ súà ní Ìkẹjà àti Oregun, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gbé ìwé ẹ̀rí pólì lọ síwájú ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ló ń lọ síwájú ẹ̀rọ. Ìdérí ìgò ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Oregun, òun ló sì ń ṣa èyí tó wọ́ kúrò nínú èyí tó dára. Etí irin ti ya gbogbo ọmọ ìka rẹ̀, ọṣẹ sì máa ń ta á gan-an tí ó bá ń fọṣọ.

Ẹ má wulẹ̀ káàánú rẹ̀ jù. Òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Nígbà tí Bàbá Kóredé wà láyé, tó fẹ́ mú ọmọ wọ ilé iṣẹ́ abọ́ irin tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ìyá ló sunkún kalẹ̀ pé wọn kò ní fi iná jó ọmọ òun. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ó dáa. Máa kẹ́ ẹ. Ìwọ náà lo máa fọ aṣọ rẹ̀." Bàbá ti kú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá a kú.

Àdúrà kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu ìyá yìí: kí Kóredé ó gbéyàwó. Ó dá a lójú pé ìyàwó ni yóò sọ ọ́ di ọkùnrin. Àwọn ìyá kan máa ń ní irú ìgbàgbọ́ yìí. Ohun tí wọ́n fi ọgbọ̀n ọdún bà jẹ́, wọ́n á ní kí ọmọ ọlọ́mọ wá fi oṣù mẹ́ta tún un ṣe. Nígbà tí Kóredé dárúkọ Simbiat fún un, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ní Oregun, ńṣe ni ó jó yí kànga ká. Kò tíì fojú kan ọmọ náà. Kóredé ní kó ní sùúrù, òun á mú un wá tí àkókò bá tó.

Kóredé wọ ẹ̀wù funfun rẹ̀, ó fín lọ́fínńdà bíi pé ó ń fín ẹ̀fọn, ó sì mú fóònù GSM tí ìyá rẹ̀ fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rà fún un. Kò sí owó kankan nínú fóònù náà, ṣùgbọ́n ó gbé e sétí bó ṣe ń kọjá níwájú yàrá àwọn ayálégbé.

"Mọ́mì, ẹ fi búlùú díẹ̀ sí omi síngílẹ́ẹ̀tì mi o. Tó bá tún rí bíi ti ọjọ́sí, mi ò ní wọ̀ ọ́."

"Mo ti gbọ́, ọkọ mi."

Kò pẹ́ tó jáde ni obìnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Àgbàlagbà ni, ó wé gèlè funfun, ó fi ìborùn lé èjìká, eyín góòlù kan sì ń dán lẹ́nu rẹ̀. Kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó wo páànù ilé, ó wo kànga, ó wo gọ́tà bóyá ó mọ́. Ìyá Kóredé mọ irú wíwò yẹn. Bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe wo ilé ọkọ tirẹ̀ náà nìyẹn kí wọ́n tó fi í fún un. Ìwádìí ni obìnrin yìí bá wá! Ó ti ń to oyè àti ìyìn Kóredé jọ sẹ́nu.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá," àlejò náà wí. "Ṣé ilé Ọ̀gbẹ́ni Kóredé Akínfẹ́nwá nìyí?"

"Ibí ni mà. Ẹ káàbọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe òun ni mo wá wò." Ó fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó. "Alhája Sìlífátù ni orúkọ mi, Abúlé Ẹ̀gbá ni mo ti wá. Àbúrò mi ọkùnrin ló bí Simbiat."

"Háà!" Ìyá Kóredé fẹ́ dìde. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n gbé àga jáde..."

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fọṣọ yín. Ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá. Mi ò fẹ́ dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún yín."

"Owó bíi ti báwo, mà?"

"Owó iṣẹ́ yín. Kóredé ti sọ fún wa. Ó ní òun ní ìyá alágbàfọ̀ kan láti Èkìtì tó ń bá òun fọṣọ, tó ń se oúnjẹ, tó ń gbálẹ̀. Mo ní, ẹni tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Èmi kì í wádìí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, ìyá. Aládùúgbò tó ti ń retí ìrẹsì ìgbéyàwó, á ní áńgẹ́lì lọmọ. Ẹni tó bá ń fọ aṣọ èèyàn ló mọ̀ ọ́n."

Jíìnsì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Kóredé, ó rì sínú bàsíà. Ó kọ́kọ́ rò pé obìnrin náà ṣi ilé wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Kóredé Akínfẹ́nwá mélòó ló wà ní àdúgbò yìí?

"Ilé yìí ńkọ́?" Alhája béèrè. "Ó ní òun lòun kọ́ ọ, pé nínú owó kọ́ńtíráàtì ni. Òótọ́ ni?"

Ìyá Kóredé ki ọwọ́ bọ omi, ó ń wá jíìnsì náà. Ó ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Kí ló sọ fún yín nípa ìyá rẹ̀?"

"Ó ní ìyá òun wà nílé, l'Ékìtì, ara rẹ̀ ò yá, kò lè rìnnà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ó dáa. Ẹ má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí o, èmi kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní tí ìyàwó bá ti wọlé, òun máa dá yín padà sí ìlú yín. Ó ní yàrá yín yẹn lòun fẹ́ fi ṣe yàrá àwọn ọmọ, pé ẹ ti dàgbà, àti pé Simbiat á lè ṣe gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe. Mo wá ní kí n bi yín kí ọmọ wa tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Irú iṣẹ́ wo ni?"

Inú yàrá yẹn ni Bàbá Kóredé kú sí. Ìyá Kóredé wo ojú fèrèsé rẹ̀. Ó dùn ún, ó dùn ún wọ egungun, ojú sì tì í pẹ̀lú, nítorí ó mọ ẹni tó kọ́ ọmọ náà pé ìyá wà fún ìfọṣọ.

Síbẹ̀, ó ṣì lè bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Tó bá ti yin Kóredé báyìí, oṣù mélòó kan sí i, ìyàwó tó ti ń gbààwẹ̀ lé lórí á wọlé. Ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Tó bá sì sọ òótọ́, ta ni yóò tún fẹ́ Kóredé? Ó wo síngílẹ́ẹ̀tì tó ń léfòó nínú bàsíà. Ó fojú inú rí ọmọ kan tí kò mọ̀ rí, tó ti ránṣọ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tó wá jókòó sórí àpótí yìí lọ́jọ́ Sátidé.

"Ẹ bi mí," ó wí. "Èyí tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ bi mí."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Oúnjẹ."

"Ó ń tà á ni?"

"Ó ń jẹ ẹ́."

Alhája rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ẹnì kejì kò rẹ́rìn-ín, ó gbé ẹ̀rín náà mì. "Ilé yìí ńkọ́?"

"Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Kóredé ò gbé garawa omi kan débẹ̀."

"Ṣé ó máa ń lu èèyàn? Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù."

"Kì í lu èèyàn. Iṣẹ́ lèèyàn lílù náà. Ńṣe ló máa ń dijú mágbárí tí oúnjẹ bá pẹ́. Ibi tó bá bọ́ pátá sí ló máa fi í sí, á gba orí rẹ̀ kọjá, títí ẹnì kan á fi wá mú un. Tí omi bá tán nínú ike, á pè yín láti kànga kí ẹ wá bu omi tí òun máa mu."

"Yéè, Simbiat ọmọ mi!" Alhája pàtẹ́wọ́. "Ta ló kẹ́ ẹ báyìí?"

"Ìyá rẹ̀ ni."

"Ìyá burúkú! Ẹ má bínú, bóyá ọ̀gá yín náà ni, ṣùgbọ́n mo máa sọ ọ́. Irú wọn pọ̀ nílùú yìí. Wọ́n á kẹ́ ọmọ títí á fi rà, wọ́n á wá máa wá ọmọ ọlọ́mọ tó máa bá wọn ru ú. Ẹ̀sìn tiwa àti tiyín kò ṣe nǹkan kan fún mi, ìwà ni mo bá wá. Ìyá tó ṣe èyí ò ṣe ọmọ náà lóore."

"Òótọ́ lẹ sọ, Alhája."

Alhája dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ìbéèrè kan ló kù. Ká ní ẹ̀yin lẹ bí Simbiat, ṣé ẹ máa fi fún un?"

Ìyá Kóredé wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ìfóòfó ọṣẹ.

"Mi ò ní fi fún un."

"Ẹ ṣé. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní dárúkọ yín fún ẹnikẹ́ni, kí ó má baà lé yín lẹ́nu iṣẹ́."

"Ẹ dárúkọ mi," ó wí. "Ẹ ní ìyá tó bí i lọ́mọ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Alhája wò ó. Ó wo bàsíà, ó wo ọmọ ìka rẹ̀ tó ya yánnayànna. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ ẹ̀bá kànga, gèlè funfun àti gbogbo rẹ̀, ó ní, "Ẹ forí jì mí, ìyá wa." Lẹ́yìn náà ló gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ.

Ìyá Kóredé ṣa ìró àti bùbá tirẹ̀ nínú aṣọ tó wà nílẹ̀, ó fọ̀ wọ́n, ó sá wọn. Ó fi ìyókù sílẹ̀ nínú bàsíà. Ó dín ẹyin, ó gé àlùbọ́sà púpọ̀ sí i, ó sì gbé e lọ sí pálọ̀, ó jókòó sórí àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí.

Ọ̀sán ti pọ́n dáadáa kí Kóredé tó dé. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé, ó sì ti ń pariwo kó tó dé pálọ̀.

"Mọ́mì! Jíìnsì mi ṣì wà nínú omi! Síngílẹ́ẹ̀tì mi náà! Kí ni mo fẹ́ wọ̀ lọ́la? Ebi sì ń pa mí."

"Ìyá alágbàfọ̀ ti padà sí Èkìtì," ìyá rẹ̀ dáhùn.

Kóredé dúró. "Alágbàfọ̀ wo?"

"Alhája Sìlífátù ní kí n kí ọ. Àǹtí Simbiat. Ó jókòó tì mí lẹ́bàá kànga láàárọ̀ yìí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Èmi náà sọ tèmi fún un."

Ojú rẹ̀ rí bíi ti ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé... Wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ni... Ṣé ẹ ti wá bà á jẹ́ fún mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti bà á jẹ́." Ó fi fọ́ọ̀kì gún ẹyin. "Láti òní lọ, ẹni tó bá wọ aṣọ ló máa fọ̀ ọ́. Yàrá tí o ń sùn sí, mo fẹ́ fi háyà. Oṣù tó ń bọ̀ ni ayálégbé máa kó wọlé, kí o tètè wá ibi tí o máa wà."

Kóredé dúró títí bóyá ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín, bóyá á sunkún, kí òun lè mọ èyí tí òun máa ṣe. Kò ṣe ọ̀kankan. Kóredé jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ìyá rẹ̀ sì gbọ́ tó fa àpótí, tó ta omi sílẹ̀, tó pòṣé.

"Mọ́mì," ó pè láti ẹ̀bá kànga, "báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Kò dá a lóhùn. Ọjọ́ Sátidé ni, ó ń sinmi.