Orúkọ tí Ọṣẹ Dúdú Fọ̀ Nù

“Màmá, ta ló ṣí ìwé pélébé tó wà nídìí àwọn ère yìí kúrò?” Bọ́sẹ̀ gbé ère kan lọ́wọ́, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ìyá tó ń wá iná lórí ọmọ.

“Èmi ni,” Monílọ́lá dáhùn tayọ̀tayọ̀. “Kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú ni mo fi fọ gbogbo wọn nígbà tí a fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kan bàbá yín. Ṣé kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá bá eruku nílé mi ni? Wò ó bó ṣe ń dán!”

Bọ́sẹ̀ rọra jókòó sórí àpótí. Olùkọ́ yunifásítì ni ọmọbìnrin Monílọ́lá yìí ní Àkúrẹ́, ọkọ̀ tó fẹ́ fi kó ẹrù wà lẹ́nu ọ̀nà. Ogójì ọdún ni Akíntóyè, ọkọ Monílọ́lá, fi kọ ìwé nípa àwọn agbẹ́gilére àti amọ̀kòkò, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́, òun náà ló ń gbé e kiri. Ohun mẹ́tàdínlógún tó fẹ́ràn jù lára iṣẹ́ wọn ló wà ní yàrá ẹ̀yìn yìí, nínú ìlú Oǹdó. Yunifásítì fẹ́ kó wọn sí yàrá kan tí yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

“Màmá, orúkọ ẹni tó ṣe wọ́n ni Bàbá kọ sára ìwé pélébé yẹn. Láìsí orúkọ, wọn ò ní gbà wọ́n.”

Olúgbémiga, ọmọkùnrin Monílọ́lá, gbé apá lé ara ògiri. “Oníṣòwò tó ń bọ̀ wá rà wọ́n lọ́la ò bèèrè orúkọ. Ẹ jẹ́ kó kó wọn, kí n rí ibi kó sìmẹ́ǹtì mi sí.”

Monílọ́lá bú sẹ́rìn-ín. “Háà! Ogójì ọdún ni ọkùnrin fi ṣiṣẹ́, ọjọ́ kan péré ni mo fi fọ̀ ọ́ nù!” Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò nù ún.

Ó gba ère náà, ó di ojú. Oòrùn ọ̀sán gba ojú fèrèsé wọlé, eruku ń rá bàbà nínú rẹ̀. Ìka rẹ̀ rìn lọ sí etí ère náà, etí ńlá, ó sì dà bíi pé èéfín ààrò àtijọ́ ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

“Adébùsóyè ará Ìjàrẹ́,” ó sọ jẹ́jẹ́. “Kì í jẹ iyán tó bá ti tutù. Ó ní ère tó bá létí ńlá ló ń gbọ́ràn. Òun fúnra rẹ̀ ò gbọ́ tẹnì kan.”

“Ẹ mọ̀ wọ́n?”

“Nígbà tí bàbá yín ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀, ta lo rò pé ó ń gúnyán? Gbé òmíràn wá.”

Bọ́sẹ̀ yára fa bírò yọ.

“Akínbọ̀wálé, Ọ̀bà-Ilé. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbẹ́gi.”

Nígbà tó kan ìkòkò kan, Monílọ́lá la ojú. “Ìyábọ̀dé ló mọ ìkòkò yìí, lẹ́yìn ilé mi níbí. Olúgbémiga, wo ihò ara rẹ̀. Ìwọ lo ti ìka bọ̀ ọ́ kó tó gbẹ. Ọmọ ọdún méjì ni ọ́ nígbà yẹn. Bàbá ẹ ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dí i.”

Olúgbémiga sún mọ́ ọn. Ó gbìyànjú láti ti ìka bọ ihò náà, ìka kò wọlé mọ́. Ó mú fóònù jáde, ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀: “Ẹ má wulẹ̀ wá lọ́la mọ́.”

Ó ku ère kan. Monílọ́lá fọwọ́ pa á lára títí, ó gbóòórùn rẹ̀. Ọṣẹ ló ń rùn.

“N ò mọ eléyìí.”

“Kí ni kí n kọ, Màmá?”

“Kọ ọ́ pé Monílọ́lá ló fọ orúkọ rẹ̀ nù. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó wá sọ.” Ó so gèlè rẹ̀ le, ó gbé ìkòkò náà mọ́ àyà, ó sì lọ jókòó sí ìjókòó iwájú nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Àkúrẹ́.